Ẹ̀yin Gbajúmọ̀, Ta Ló Fi Yín Jẹ Agbẹnusọ?

Ẹ gbà mí o! Ṣé ayé ti dorí kodò báyìí ni? Nígbà kan, tí òṣèré bá bọ́ síta, ohun tá a ń bi í ò ju pé fíìmù wo ló ń bọ̀, ta ló rán aṣọ tó wọ̀, ta sì ni wọ́n rí i pẹ̀lú ẹ̀ ní Lẹ́kí. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ní báyìí, kí ìdìbò tó ku oṣù mẹ́ta, ìyálé inú fíìmù á ti gun pèpéle olùdíje, aláwàdà á ti máa wá ẹsẹ Bíbélì tó gbe alága káńsù lẹ́yìn, olórin tí à ń jó orin ẹ̀ nílé ọtí á ti dàlùfáà lórí Instagram. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ àwọn ni. Ṣé mo ní kì í ṣe ẹ̀tọ́ wọn ni? Ẹ̀tọ́ wà, ìtìjú ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi ìdìbò ọdún 2023 ṣe àpẹẹrẹ. Òṣèré Toyin Abraham dúró ti Bọ́lá Tinúbú tó ń du ipò Ààrẹ ní gbangba, kò fi bò. Funke Akindele, Jẹ́nífà wa, kò tiẹ̀ tẹ̀lé ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Òun fúnra ẹ̀ ló jáde fún ipò igbákejì gómìnà Èkó pẹ̀lú Jandor, olùdíje gómìnà, lábẹ́ ẹgbẹ́ PDP. Kálukú mú tiẹ̀. Ìyẹn ò tíì burú. Èyí tó ya èmi lẹ́nu ni bí àwọn kan ṣe dojú ìjà kọ Toyin nígbà tí ìdìbò parí. Wọ́n ní ká má wo fíìmù ẹ̀ mọ́. Wọ́n bú u, wọn ò sì dá ẹbí ẹ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀? Ìbò ẹnìkan ṣoṣo, ẹ wá ń fi í bú gbogbo agbolé!

Arábìnrin kan wà níbi tá a ti ń dirun ní Súrùlérè. Orí ẹ̀ wà láàárín itan onídìrí, ó ń búra, ó ń fọwọ́ kanlẹ̀ fi kan ètè: “Láyéláyé, kọ́bọ̀ mi ò ní wọ àpò obìnrin yẹn mọ́!” Onídìrí fa irun ẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Àǹtí, fíìmù ta wá lẹ̀ ń wò nínú fóònù yín yìí?” A yọjú wò ó. Ojú Toyin ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Ó ní YouTube ni, ọ̀fẹ́ ni, owó òun ò sí ńbẹ̀. Gbogbo wa pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà.

Bẹ́ẹ̀, Funke tí òun pẹ̀lú Jandor fìdí rẹmi lóṣù Kẹta, oṣù Kejìlá ọdún kan náà ló gbé A Tribe Called Judah lọ sí sinimá. Kò pé oṣù kan tó fi pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ọmọ ẹgbẹ́ PDP nìkan ló ra tíkẹ́ẹ̀tì? Ẹ̀yin òǹwòran yìí, ẹ̀yin náà ò ṣeé fọkàn tán rárá!

Ti ẹ̀sìn ló wá ń bà mí lẹ́rù jù. Oṣù Keje 2023 yẹn náà ni Davido olórin gbé fídíò orin ọmọ abẹ́ ẹ̀, Logos Olori, sí ojú ewé ẹ̀: àwọn ọkùnrin wọ aṣọ funfun, wọ́n ń kírun lórí ẹní, àfi bí wọ́n ṣe bẹ́ sí ijó. Logos Olori fúnra ẹ̀ tún gun orí mọ́ṣáláṣí lọ jókòó. Háà! Ọmọ ilé Adélékè ti Ẹdẹ, ẹni tó jẹ́ pé ìsìnkú Mùsùlùmí ni wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀, Isiaka Adeleke, lọ́dún 2017! Ṣé kò séèyàn kankan nílé tó lè fà á létí ni? Wọ́n dáná sun àwòrán Davido ní Maiduguri, ó sì yọ fídíò náà kúrò kíákíá. Bàbá Wọlé Ṣóyínká tiẹ̀ gbèjà ẹ̀, wọ́n ní kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àforíjì. Àgbà ń gbèjà, ẹni tí wọ́n ń gbèjà ti palẹ̀ mọ́!

Ẹ má tíì lọ o. Desmond Elliot ńkọ́? Òṣèré ni, ó sì wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó lọ́dún 2015. Lẹ́yìn rògbòdìyàn EndSARS, ìwọ́de tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ọlọ́pàá SARS, lọ́dún 2020, ó dìde láàárín ilé, ó ní àfi kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń sọ lórí ayélujára, ó sì fẹnu kan àwọn gbajúmọ̀ náà. Gbajúmọ̀ ń bá gbajúmọ̀ wí! Àwọn ọ̀dọ́ bínú sí ọ̀rọ̀ náà, ó sì padà tọrọ àforíjì.

Tí mo bá wá rántí Ògúńdé, àgbà òṣèré tíátà, ojú a máa tì mí fún àwọn tòní. Lọ́dún 1964, Hubert Ogunde gbé eré Yorùbá Ronú jáde. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Akíntọ́lá fòfin dè é, wọ́n ní òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣeré ní agbègbè náà mọ́. Ibẹ̀ ni ọjà ẹ̀ wà, ibẹ̀ ni àwọn tó gbọ́ èdè ẹ̀ wà. Ṣé ó bẹ̀bẹ̀? Òtítọ́ Korò ló tún gbé dìde! Ọdún 1966, tí àwọn ológun ti gbàjọba, ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Ọ̀rọ̀ tó sọ gbọ́n owó lápò ẹ̀, kò sì kó o jẹ.

Ẹ wá wo àwọn kan lónìí. Mi ò ní dárúkọ, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Láàárọ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé ẹ̀rí ọkàn àwọn ló ní kí àwọn tẹ̀lé lágbájá. Tí ariwo bá ta lọ́sàn-án, wọ́n á ní ẹni tó ń bójú tó ojú ewé àwọn ló ṣe é. Kó tó dalẹ́, ohun tí wọ́n kọ ti pòórá. Ẹ̀rí ọkàn wo ló ń pòórá kó tó dalẹ́? Ìpolówó nìyẹn! Ẹni tó ń polówó ọṣẹ kì í ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló rán òun.

Èmi ò ní kí òṣèré pa ẹnu mọ́ o. Aráàlú ni wọ́n, wọ́n ń sanwó orí, ọ̀wọ́n epo ń dé ọ̀dọ̀ tiwọn náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbowó sọ̀rọ̀, kó jẹ́wọ́ pé òun gbowó. Ẹni tó bá sì ní látọkàn òun ló ti wá, kó jẹ́ ká bá ọ̀rọ̀ náà níbi tó fi sí tá a bá jí lọ́la. Ẹni tí kò bá lè ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, iṣẹ́ tíátà kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀sín. Kó jókòó tì í, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tí ojú lè tì.