Láti Òdo Dé Mẹ́wàá

Ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí ààyè wọ yunifásítì ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi ni wọ́n ní kí n fi tó Màmá létí n'Ìbàdàn. Ọmọ náà ì bá pè wọ́n fúnra rẹ̀, àmọ́ Peckham ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ kì í kọjá "ẹ káàárọ̀" kó tó máa wá ògbufọ̀. Mo pè. Màmá gbọ́, wọ́n dárin, wọ́n jó, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn gbì gbì lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bèèrè ohun tó fẹ́ lọ kọ́. Mo ní Social Sciences with Data Science ni. Fóònù dákẹ́.

"Dátà?"

"Dátà ni, Màmá."

"Èyí tí wọ́n ń rà sórí fóònù yìí náà?"

Kí n tó lanu, wọ́n ti gbà á lẹ́nu mi. "Ọmọ ìyá alákàrà tó wà ní ìkòríta wa ń ta dátà lábẹ́ agboòrùn. Ìwé mẹ́fà kò pé lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ra ilẹ̀. Ẹ wá gbé ọmọ lọ sí yunifásítì ìlú Òyìnbó fún ọdún mẹ́ta, kó lọ kọ́ ọ?"

Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Mo ní apá kan ẹ̀kọ́ náà ń wádìí ìdí tí ọmọ aráyé fi ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe: ta ló ń fẹ́ ta, kí ló dé tí àdúgbò yìí fi là tí tọ̀hún fi tòṣì, kí ló ń mú èèyàn dìbò fún olè lẹ́ẹ̀kejì. Apá kejì ni kí wọ́n ro ìdáhùn gbogbo èèyàn pọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà wá sọ ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́la. Màmá fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Ṣé òfófó ni?"

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí mo lè gbà já wọn nírọ́. Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ náà kúkú ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé olófòófó tiwa á jókòó sórí àpótí níwájú ilé, á máa rin pákò, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn ọmọ yìí ní láti kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ kan pé òfófó tí àwọn fẹ́ ṣe kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, kí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣòfófó rẹ̀ sì buwọ́ lu bébà pé òun gbà. Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí irú òfófó bẹ́ẹ̀ rí?

Ẹ má sì rò pé ẹ̀kọ́ yìí kàn ṣàdéédé hù bí olú. Nílùú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwùjọ a máa sá fún ìṣirò bí ewúrẹ́ ṣe ń sá fún òjò. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 2013, Nuffield Foundation àti àjọ méjì tó ń ná owó ìjọba kó mílíọ̀nù 19.5 pọ́n-ùn sílẹ̀, wọ́n pín in fún yunifásítì 15, wọ́n sọ ètò náà ní Q-Step, kí àwọn ọmọ lè yé bẹ̀rù nọ́ńbà. Mílíọ̀nù 19 ó lé! Tíṣà tó kọ́ wa ní ìwé kẹta, pàṣán kan ṣoṣo ló fi ṣe iṣẹ́ yẹn, kò sì bèèrè àfikún owó oṣù.

Ilé-ìwé tí ọmọ wa bọ́ sí, University College London, wà lára àwọn tó jẹ nínú owó náà. Ẹ bá mi kí i kú oríire, kí ẹ sì bá mi kí i kú ewu, torí òkú kan wà níbẹ̀ tí wọn ò sin. Jeremy Bentham lorúkọ rẹ̀. 1832 ló kú, nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ ibùdó ogun. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe ri òun mọ́lẹ̀. Kí wọ́n to egungun òun, kí wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, kí wọ́n gbé e jókòó sórí àga. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Ó wà nínú àpótí gíláàsì dòní olónìí, ó dé fìlà sórí. Orí ọ̀hún gan-an kì í ṣe tirẹ̀: ibi tí wọ́n ti fẹ́ mú kí ojúlówó orí gbẹ ló ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá fi ìda mọ òmíràn.

Mo ṣèèṣì sọ ọ́ létí Màmá. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí ẹ ń wí yìí? Ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ ò tíì rí owó màlúù ni?" Mo ní kò bímọ. Wọ́n mí kanlẹ̀. "O ò rí nǹkan."

Bàbá tí wọn ò sin yìí ló ní a lè wọn ìdùnnú bí ẹni wọn gàrí: bó ṣe pọ̀ tó, bó ṣe pẹ́ tó, bó ṣe súnmọ́ni tó, iye èèyàn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ìjọba wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó sì ṣe èyí tí yóò dùn mọ́ èèyàn tó pọ̀ jù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún mi, mò ń bọ̀ wá mú un.

Bentham tiẹ̀ sàn. Ẹ wá wo Francis Galton, tí òun náà ń fi nọ́ńbà wọn èèyàn. Bàbá olówó yìí á fi bébà àti abẹ́rẹ́ sínú àpò, á máa rìn kiri ìgboro. Obìnrin tó bá rí, bó bá rẹwà lójú rẹ̀, á gún bébà níbì kan. Bó bá wà láàárín méjì, á gún un níbòmíì. Bí kò bá wù ú rárá, á gún ibi kẹta. Ó ṣe é láti ìlú dé ìlú ní Bìrìtìkó, ó wá kéde pé Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn arẹwà pọ̀ sí jù, Aberdeen ló gbẹ́yìn. Ẹni tó bá wo àwòrán Galton fúnra rẹ̀ á fẹ́ mọ ihò tí àwọn obìnrin Aberdeen ì bá gún fún un. Ì bá wù mí kó dé Rye Lane ní Peckham ní Sátidé kan, kí ìyá tó ń ta pánlá rí àgbà ọkùnrin tó dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀, tó ń wò ó láti òkè délẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nínú àpò ṣòkòtò. Abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ni wọn ì bá yọ lára rẹ̀.

Ẹ̀rín yìí léegun nínú o. Galton yìí náà ló dá ọ̀rọ̀ "eugenics" sílẹ̀, pé irú èèyàn kan ló yẹ kó máa bímọ, kí irú kan má bí. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi gbé Karl Pearson sórí àga ọ̀jọ̀gbọ́n, òun ló sì dá ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò dátà tó kọ́kọ́ wà ní yunifásítì lágbàáyé sílẹ̀ ní University College London ní 1911. Ní 2020 ni ilé-ìwé náà tó yọ orúkọ àwọn méjèèjì kúrò lára ilé wọn. Ọmọ wa mọ ìtàn yìí jù mí lọ. Ó ní ìdí tí òun fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ méjì pọ̀ nìyẹn: kí èèyàn tó gba nọ́ńbà gbọ́, kó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó mú abẹ́rẹ́ dání. Mo wò ó. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ewédú àti ilá!

Ibì kan tún wà tí èmi náà ti ṣẹ̀. Lọ́jọ́ kan, a wà lórí fídíò pẹ̀lú Màmá, ojú ọmọ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n bèèrè ohun tó ṣe é. Ó ní Python ni òun bá jà mọ́jú. Èmi ògbufọ̀, mo túmọ̀ rẹ̀: òjòlá. Àwàdà ni mo pè é, àmọ́ ẹgbẹ́ aládùúrà Màmá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, Python yìí kì í ṣe ejò kankan. Èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni. Guido van Rossum ló gbé e jáde ní 1991, ó sì fi orúkọ Monty Python sọ ọ́, àwọn aláwàdà kan lórí tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì. Ká ní ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é, Baba Sala làwọn ọmọ ì bá máa kọ́ ní yunifásítì báyìí. Èdè kejì tí wọ́n ń lò, R lásán ló ń jẹ́. Ross àti Robert, olùkọ́ méjì ní New Zealand, ló ṣe é. 

Nígbà tó di ọdún kejì, ọmọ wa ní òun fẹ́ wádìí bí inú àwọn Yorùbá ṣe dùn tó. Ẹ rántí Bentham. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe tuntun: láti 2011 ni Office for National Statistics ti ń bèèrè lọ́wọ́ ará Bìrìtìkó pé láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ni inú rẹ ṣe dùn tó lánàá. Ọmọ náà jù ú sórí WhatsApp ẹbí. Èèyàn márùndínláàádọ́ta ló dáhùn. Mo tú u wò. Méjìdínlógójì jẹ́ àwọn àǹtí inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, gbogbo wọn mú mẹ́wàá torí pásítọ̀ wà lórí WhatsApp náà. Mẹ́fà jẹ́ bọ̀dá kan náà tó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra torí ó rò pé kò lọ. Ẹni tó kù ni èmi.

Mo ní kó rántí Literary Digest. Ní 1936, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà yìí fi lẹ́tà bíi mílíọ̀nù 10 ránṣẹ́, èyí tó lé ní mílíọ̀nù méjì padà wá, wọ́n sì fọwọ́ sọ̀yà pé Landon máa na Roosevelt nínú ìdìbò sípò ààrẹ. Roosevelt kó ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú ìwé àwọn tó ní fóònù àti mọ́tò ni wọ́n ti kó orúkọ, nígbà tí ìyà ń jẹ mẹ̀kúnnù. Kí 1938 tó parí, ìwé ìròyìn náà ti kógbá wọlé. Ọmọ ní òun mọ̀ ọ́n, wọ́n ti kọ́ ọ ní kíláàsì. Mo ní kí ló wá kó o sáàárín akọrin?

Bó ṣe di pé ó fẹ́ bá àgbà n'Ìbàdàn sọ̀rọ̀ nìyẹn. A pe Màmá. Wọ́n ní èèyàn mélòó ló ti dá a lóhùn. Ó dá gbúù: "Fọ́tì-fáìfù!" Màmá ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní márùndínláàádọ́ta. Wọ́n ní kó tú u. Kò lè tú u. Wọ́n bá tú u fún un bí ẹni bó obì: "Mú ogún lọ́nà mẹ́ta. Yọ ẹ̀wá níbẹ̀, àádọ́ta nìyẹn. Tún yọ márùn-ún. Ìwọ tí o ò lè ka èyí lo fẹ́ ka aráyé?"

Èmi náà kò dákẹ́. Mo ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo, èso mẹ́jọ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dojú délẹ̀ tàbí kó ṣíjú sókè, ìdí nìyẹn tí Odù fi jẹ́ 256. Ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà ń pè ní byte, àyè mẹ́jọ ni, òdo tàbí ení ló ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 256 náà ló ń jẹ́. Oníbéèrè sì rèé, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí owó, babaláwo ò gbọ́. Kò sí pé à ń buwọ́ lu bébà. Ọmọ lajú kalẹ̀, ó ní kí n tún un sọ kí òun gbà á sílẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti kó sí wàhálà.

Ó bèèrè ìbéèrè rẹ̀. Mo túmọ̀: "Màmá, ó ní láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ni inú yín ṣe dùn tó lánàá?"

"A dúpẹ́."

"A dúpẹ́ kò sí níbẹ̀, Màmá. Nọ́ńbà ló fẹ́."

"Èwo ni kí n mú? Bí mo bá ní mẹ́wàá, ayé á gbọ́. Bí mo bá ní méjì, mo ti fẹnu ara mi pe ibi. Sọ fún un pé a dúpẹ́."

Ó fo ìyẹn. Ó ní ọmọ mélòó ni wọ́n bí. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Ó ní ṣebí tiwọn ni. "Èmi gan-an kì í kà wọ́n fún ara mi." Ó ní ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n. "Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Cocoa House, mo ti mọ ọkùnrin tó rẹwà." Ojú ti èmi ògbufọ̀, mi ò túmọ̀ ìyẹn.

Mo yọjú wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Níwájú orúkọ Màmá, NA, NA, NA. Ó ní bí R ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn bí ìdáhùn kò bá sí. Mo ní báwo ló ṣe máa wí pé kò sí? Ìdáhùn tí wọ́n fún un pọ̀ ju ti akọrin méjìdínlógójì lọ. Ó fọwọ́ lérán. "Mo mọ̀, Áńkù. Kò sí ibi tí mo lè fi í sí ni."

Màmá ṣì wà lórí fóònù. "Orogún mi," bí wọ́n ṣe máa ń pè é nìyẹn, "o ti jókòó ti ẹ̀rọ yẹn láti àárọ̀. Ìwọ ńkọ́? Inú tìẹ dùn bí?"

Mo ti lanu láti túmọ̀. Ọmọ náà gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Ó wo òdo, ó wo mẹ́wàá, ó wo abọ́ Indomie tó ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"A dúpẹ́, Màmá," ló wí, ó já geere lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sí Ọjà'ba.

Mo na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà, mo wá orúkọ rẹ̀ kàn, mo tẹ N, mo tẹ A.