Agbèjà Àṣà àti Àgádágodo Rẹ̀

Láàrin àwọn ọmọ Ìgbómìnà tí wọ́n kọ́ ilé ńlá sí Òmù-Àrán ṣùgbọ́n tí wọn kì í gbé inú rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lọ́dún, irú ènìyàn kan wà tí a lè pè ní Agbèjà Àṣà. Ohun tí ń mú un bínú ni kí ẹnìkan dábàá pé kí wọ́n ya ilé kan sọ́tọ̀ ní àdúgbò rẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí dìmẹ́ńṣíà ń bá jà, ìyẹn ni àwọn àìsàn ọpọlọ tí ń jẹ ìrántí àti òye ènìyàn díẹ̀díẹ̀, tí àwọn ará ilé fi ń sọ pé àgbà náà ti ń ṣàrán, tí èyí tí wọ́n ń pè ní Alzheimer sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn.

Ó ní owó ilẹ̀ yóò wálẹ̀. Ó ní àwọn arúgbó náà yóò máa rìn kiri lóru. Ó ní àwọn obìnrin inú wọn tí ń dá sọ̀rọ̀ lè jẹ́ àjẹ́, ohùn rẹ̀ a sì lọ sílẹ̀ bí ó bá dé ibí yìí, nítorí pé ó kàwé. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò tó gbólóhùn kan lójú rẹ̀: "Kì í ṣe àṣà wa." Ó máa ń sọ ọ́ nípàdé ẹgbẹ́ àwọn onílé, ó ń kọ ọ́ sórí WhatsApp ìdílé, ó sì ń fi òwe tì í lẹ́yìn pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí kì í sú u. Ó ń pa á fún ọba, ó ń pa á fún pásítọ̀ àti ààfáà, ó sì ń pa á lórí fóònù láti Maryland ní Amẹ́ríkà, níbi tí òkété tirẹ̀ kò lè dé láéláé. Nítorí pé báńkì ni ọmú Agbèjà Àṣà ń gbà wálé ní ìparí oṣù, ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò tíì pé ogún ọdún ni ó ń lọ gbà á, ọmọ ọ̀dọ̀ yìí kan náà ni ó sì ń ti ìyá mọ́ yàrá ẹ̀yìn kí ó tó lọ sọ́jà. Agbèjà Àṣà fúnra rẹ̀ ni ó ra àgádágodo náà, ó sì ra èyí tí ó dára. Bí àlejò bá béèrè, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: Màmá ń sinmi. Ìsinmi náà a máa tó ọdún mẹ́ta nígbà mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí jù ú lọ. Ní Maryland, ní Houston àti ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìtọ́jú arúgbó ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń jẹun. Níbẹ̀ ni òun náà ti kọ́ bí a ṣe ń fi sùúrù bọ́ ẹni tí kò rántí orúkọ ara rẹ̀ mọ́, bí a ṣe ń wẹ̀ fún un láì dójú tì í, àti ìdí tí a kì í fi í bá a jiyàn bí ó bá ń wá ìyá rẹ̀ tí ó ti kú tipẹ́. Owó iṣẹ́ náà ni ó fi mọ odi yí ilé Òmù-Àrán ká. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan náà ti bá irú ilé bẹ́ẹ̀ jà rí: ní 1985, ilé ẹjọ́ wọn tí ó ga jù lọ dá ìlú Cleburne ní Texas lẹ́bi nítorí pé ó dí ilé kan lọ́wọ́ tí wọ́n fẹ́ kí àwọn tí òye wọn kò pé máa gbé, òfin ilé gbígbé ti 1988 sì wá fi ààbò bo àwọn aláìlera lápapọ̀. Abẹ́ òfin yẹn ni Agbèjà Àṣà ti ń gba owó oṣù rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ ká a mọ́, ó ní àrùn òyìnbó ni. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Ìbàdàn àti Indiana bẹ̀rẹ̀ ní 1992 fi hàn ní 2001 pé àwọn àgbàlagbà tí Alzheimer ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan jẹ́ 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún n'Ìbàdàn, àti 2.52 láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Kíkéré kì í ṣe àìsí. Ní ti àṣà, ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn Aró ká l'Abẹ́òkúta, àwọn àgbẹ̀ tí kò kàwé sì gbà wọ́n sílé.

Agbèjà Àṣà yìí kan náà ni yóò mú àlejò lọ sí Èsìẹ́ kí ó lè fi àwọn ère òkúta tí ó lé ní 800 yangàn, nínú musíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945. Ó gbà pé ohun àtijọ́ nílò òrùlé, ẹ̀ṣọ́ àti ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Kò sì sọ rí pé musíọ́mù kì í ṣe àṣà wa.

Nígbà tí ìyá bá wá kú, ọmọ yóò wálé. Màlúù yóò ṣubú, aṣọ ẹbí yóò kún ojú pópó, wọn yóò dí ọ̀nà, olórin yóò kọrin mọ́jú, ẹnikẹ́ni kò sì ní dárúkọ owó ilẹ̀. Ẹni tí ó rí owó yìí ná sórí òkú kò lè sọ pé àìlówó ni kò jẹ́ kí òun tọ́jú alààyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àṣà ni ó ń gbèjà. Ohun tí ó ń gbèjà ni orúkọ ara rẹ̀, kí ayé má baà mọ̀ pé ìyá ẹni ńlá náà ṣàrán.