Nígbà Tí Àlá Ajá Di Ìwàásù

Àwọn àgbà ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá gba ọkàn ẹ̀dá kọjá lóru ni ó yẹ kí ó di ọ̀rọ̀ ní gbangba. Lóde òní, ajá ti rí máìkì gbà. Àlá rẹ̀ ti di ìran, ìran ti di àsọtẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti gba ọrẹ lé e lórí kí ilẹ̀ ìṣọ́ òru tó mọ́.

Ojú inú, ìyẹn agbára tí ènìyàn fi ń rí ohun tí kò sí níwájú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá ìgbàgbọ́, nítorí pé òwe ni Jésù fi ń kọ́ni, ẹni tí kò bá sì lè fojú inú wo ará Samáríà tí ó ń di ọgbẹ́ àjèjì lẹ́bàá ọ̀nà kò lè lóye ohun tí wọ́n ní kí òun náà lọ ṣe. Ojú inú yìí kan náà ni àwọn agbẹ́gilére lò: nígbà tí Fadá Kevin Carroll kó wọn jọ sí Ọyẹ́-Èkìtì ní 1947, George Bándélé wà níbẹ̀, Làmídì Fákẹ́yẹ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí sì wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, adé ọba Yorùbá ni àwọn amòye dé wá kí Jésù ọmọ tuntun.

Ilẹ̀ Bùnú, níbi tí ìlú Odo-Ape wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, kò ṣàìní irú ojú inú bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ òkú àwọn ìjòyè, tí Elisha Renne mẹ́nu bà nínú ìwé tí ó kọ lórí aṣọ Bùnú ní 1995. Láti ara búláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù ni wọ́n sì ti ń tú òwú pupa rẹ̀ kí wọ́n tó tún un hun lórí òfì. Ẹni tí ó rí ẹ̀yẹ ìjòyè nínú búláńkẹ́ẹ̀tì aláìsàn ní ojú inú ju wòlíì tí ó ń rí àjẹ́ lára gbogbo ìyá arúgbó lọ.

Wòlíì a dijú, a ní òun rí obìnrin dúdú kúkúrú kan ní ìdílé bàbá oníbàárà, tí ó so kádàrá ọmọ mọ́dìí igi. Ìdílé wo ni kò ní obìnrin dúdú kúkúrú? Ọmọ Bùnú tí ó ń gbé Èkó tàbí Àbújá a wá ronú kan ìyá rẹ̀, a ra òróró, a gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, kò ní lọ sílé ní Kérésì mọ́, owó oúnjẹ tí ó ń fi ránṣẹ́ a sì dáwọ́ dúró. Bí ebi bá ti sọ ìyá di egungun, ìròyìn a dé ìjọ pé àjẹ́ ti ń rù, àdúrà ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ará a sì pariwo halelúyà. Ajá tilẹ̀ sàn: bí ó bá jí, kì í fi àlá rẹ̀ kọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn.

Wọ́n lè dáhùn pé Ọlọ́run ń fi àlá bá ènìyàn sọ̀rọ̀, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n Bíbélì tí wọ́n gbé dání kò fi ibi tí ìran ń já sí pamọ́. Àlá Fáráò, tí Jósẹ́fù túmọ̀, já sí àká ọkà tí ó bọ́ ayé nígbà ìyàn. Ìran tí Pétérù rí lórí òrùlé ní Jọ́pà mú un wọ ilé Kọ̀nẹ́líù, ẹni tí kò jẹ́ bá jẹun tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan kún àká, èkejì ṣí ìlẹ̀kùn. Ìran tí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìyá tí ó sì gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ kò bá ọ̀kankan nínú wọn tan.

Kí ẹni tí wọ́n bá ti rí ìran ìyá rẹ̀ sí wọ ọkọ̀ lọ sí Odo-Ape kí Kérésì tó dé, kí ó gbé ìrẹsì àti oògùn oríkèé dání, kí ó kúnlẹ̀ kí i, kí ó sì bi í bóyá ó ti jẹun.