Ọ̀gá Pátápátá

Lẹ́yìn rẹ̀, "Ọ̀gá Pátápátá" ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Níwájú rẹ̀, "Dádì" ni. Kò sí ọ́fíìsì kan pàtó tó ni ín. Irú rẹ̀ wà ní sẹkitéríàtì, ó wà nílé ìwé, ó wà nílé ìwòsàn. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ sì ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọyẹ́ ní 2011, tí ọgbà kejì rẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé, tí Ìdó náà ní ilé ìwòsàn ńlá tirẹ̀, àga tó lè jókòó lé ti pọ̀ sí i ní àríwá Èkìtì. Ibi tó ń gbé mọ́tò sí lèèyàn ti ń dá a mọ̀: ẹni mẹ́ta á sáré gba báàgì kan lọ́wọ́ rẹ̀, báàgì tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìwé ìròyìn àná àti ìgò omi lọ.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń pàṣẹ, òun ló sì fi ń báni wí. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Mẹ́sẹ́ńjà tó ń gbé fáìlì fún un fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, Yorùbá kò sì ní jẹ́ kó wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú kó ní, "Ìwọ yìí, níbo lo wà láti àárọ̀?" Ṣùgbọ́n "you" ti Òyìnbó kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. Ó bú bàbá náà tán ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó lè ní ó rí àgbà fín.

Ìgbà tí òfin bá dojú kọ òun fúnra rẹ̀ ni Yorùbá ń wúlò. Òfin iṣẹ́ ọba ní kí wọ́n kọ ẹ̀sùn òṣìṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fún un láyè láti fèsì. Ẹni tó bá wá gba kúérì, tó fèsì ní kíkún, tó sì fi hàn pé ọ̀gá ló ṣì í, Yorùbá ló máa gbọ́: "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àgbà ọ́fíìsì á ti mú un lọ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Bí ìyá ìyàwó ọ̀gá bá kú, àṣà ló ní kí gbogbo wọn ra aṣọ ẹbí. Bí akọ̀wé kékeré bá ní òun fẹ́ lọ sìnkú bàbá òun, òfin ìsinmi ni wọ́n máa kà fún un. Ẹ̀ka èdè Èkìtì ní iṣẹ́ tirẹ̀: tí ọ̀gá bá ti ń fi í bá àlejò sọ̀rọ̀, tí ohùn rẹ̀ sì rọ̀, ọmọ ẹnì kan ti fẹ́ ríṣẹ́ nìyẹn.

Àṣà tó ń fẹnu pè yìí gba yíyẹ̀wò. Nílẹ̀ Èkìtì, ọba kì í dá ìlú ṣe. Àwọn ìjòyè ní ẹnu, wọ́n sì lè kọ̀ fún un. Ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sáwọn ìlú náà láti máa ṣàkóso wọn ni kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè, ti àwọn tó rán an nìkan ló ń gbọ́. Ìwà irú wọn wà lára ohun tó mú Èkìtì bá Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ jagun Kírìjì, tí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886. Lẹ́yìn náà ni ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó dé, ó ń ránṣẹ́ pe ọba, ó ń kọ̀wé sókè. Ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni Ọ̀gá Pátápátá ti kọ́ṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Fábùnmi Òkèmẹ̀sí, akọni ogun Kírìjì lápá Èkìtì, kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ àpèjẹ. (Kí kọmíṣọ́nnà sọ pé òun ń bọ̀, kéèyàn wá wo bó ṣe máa fọwọ́ ara rẹ̀ nu àga.)

Ọjọ́ orí méjì ló ní. Ti ilé ló fi ń gba ìdọ̀bálẹ̀; ti fáìlì fi ọdún bíi mẹ́fà kéré sí i. Ní sẹkitéríàtì, òfin ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́ni 60 ọdún, tàbí tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ti 60 kò rí i mú. Ti 35 ló mú un, torí déètì ìgbanisíṣẹ́ kò ṣe é pa rẹ́.

Lọ́jọ́ ìdágbére, wọ́n yìn ín ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbàdúrà fún un ní Yorùbá, wọ́n sì jẹ iyán. Kọ́kọ́rọ́ dúróà bá a lọ. Káfíńtà ni wọ́n pè lọ́sẹ̀ kejì láti já dúróà náà, wọ́n sì bá òkìtì ìwé tó ń dúró de ìbuwọ́lùwé níbẹ̀, títí kan ti obìnrin kan tó ń tọrọ àyè láti lọ bímọ. Ọmọ náà ti wọ jẹ́lé-ó-sinmi.