Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Ajere àti Ìkòkò

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o! Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin tó sanwó ilé, tó sanwó ilé-ìwé ọmọ, tó ra epo sí jẹnẹrétọ̀, tó wá ní òun fẹ́ gbọ́ Sunny Adé fún wákàtí kan péré kí oorun tó gbé òun lọ? N ò ní kí wọ́n fi mí joyè. N ò ní kí ìjọba wá da ọ̀dà sí títì wa, mo ti gba kámú lórí ìyẹn. Orin ni mo ní mo fẹ́ gbọ́, nínú ilé tí mo fowó ara mi gbà, lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo fowó ara mi rà. Àmọ́ láti oṣù mẹ́rin báyìí, ayé ò jẹ́ n gbádùn.

Rédíò ńlá tó wà ní pálọ̀ kì í ṣe tèmi mọ́, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Bí mo bá tàn án, Ìyá Tọ́lá á ní orí ń fọ́ òun, Tọ́lá á ní òun ń kàwé, ìwé tó wà nínú fóònù, àbúrò rẹ̀ á ní kí n jẹ́ kóun gbọ́ ohun tóun ń wò. Ni ẹnì kan níbi iṣẹ́ bá sọ fún mi pé, "Bàbá Tọ́lá, ẹ ò ṣe ra hẹ́dífóònù? Ẹ dé e sétí, kẹ́ ẹ máa jayé yín." Mo pe ẹni yẹn ní ọ̀rẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Mo gba ọjà lọ. Ọmọkùnrin tó ń tajà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Dádì, open-back lẹ fẹ́ ni àbí closed-back?" Háà! Mo ti pé ọdún 52 láyé, kò sẹ́ni tó bi mí nírú ìbéèrè yẹn rí. Èmi rò pé hẹ́dífóònù ni hẹ́dífóònù, bí iyọ̀ ṣe jẹ́ iyọ̀. Ó bá gbé méjì kalẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀kan dí pa, ó ń dán bí ìdí ìkòkò tuntun. Ẹ̀yìn èkejì lu jára bí ajere. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ wọ́n lórúkọ, Ìkòkò àti Ajere, kí n lè máa rí orúkọ pè bí mo bá fẹ́ ṣépè.

Ọmọ náà ṣàlàyé títí, orí mi ń yí. Ẹ jẹ́ n fi ìlù là á yé yín. Nínú hẹ́dífóònù, awọ tín-ín-rín kan wà níwájú etí kọ̀ọ̀kan tó ń gbọ̀n, bí awọ gángan. Gángan sì rèé, ojú méjì ló ní. Ohùn tó jáde níwájú, inú etí ló bọ́ sí. Èyí tó jáde lẹ́yìn ńkọ́? Nínú Ìkòkò, ògiri ló bá pàdé, ó forí sọ ọ́, ó ṣẹ́rí padà. Ìlù á wúwo, orin á wá dà bí ohun tí wọ́n ń kọ nínú agbárí yín. Nínú Ajere, ihò ló bá jáde, ó bá tirẹ̀ lọ. Orin á fẹjú, bí ẹni pé ẹ jókòó sí òde àríyá, tí onígìtá wà lọ́tọ̀ tí oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ihò tí orin ń gbà jáde náà ni ariwo ayé ń gbà wọlé. "Dádì," ọmọ náà ní, "tó bá jẹ́ ilé lẹ ti fẹ́ lò ó, open-back ni kẹ́ ẹ mú. Ilé ló wà fún."

Ilé! Ẹ bá mi bi í, ilé ta ni?

Ẹ jẹ́ n sọ bí ilé mi ṣe rí ní Ìbàdàn níbí kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Lápá ọ̀tún, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I pass my neighbour" ni. Kò purọ́, èmi ni aládùúgbò tó borí. Lápá òsì, ilé àdúrà ni, wọ́n kọjú ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn sí fèrèsé mi gan-an bí ẹni pé èmi nìkan ni ẹlẹ́ṣẹ̀ tó kù ní ìgboro. Níwájú, ẹ̀rọ ìlọta. Lẹ́yìnkùlé, àkùkọ kan tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín aago méjì òru àti ìdájí.

Mo bá mú Ìkòkò. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Lóòótọ́, bí mo ṣe dé e sétí, jẹnẹrétọ̀ rọlẹ̀, oníwàásù di ará ọ̀nà jíjìn, àkùkọ dákẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ooru! Ṣé ẹ mọ̀ pé etí máa ń làágùn? Èmi ò mọ̀. Oṣù kẹta ọdún ni, kò síná, fáànù dúró bí igi, èmi wá fi tìmùtìmù aláwọ méjì bo etí bí ẹni tí òtútù fẹ́ pa nílùú òyìnbó. Òógùn ń ṣàn láti etí gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọrùn ẹ̀wù. Kẹ́ ẹ má tíì dárúkọ fìlà o! Abetí-ajá tí mo rọra dé, irin hẹ́dífóònù tẹ àárín rẹ̀ wọlẹ̀, etí méjèèjì wá dìde fíofío, àbíkẹ́yìn mi ń pè mí ní ehoro. Nínú ilé tí mo ń bọ́ ọ!

Awò ojú mi ńkọ́? Ẹsẹ̀ awò gba abẹ́ tìmùtìmù kọjá, àlàfo tín-ín-rín kan ṣí síbẹ̀. Àlàfo tí ẹ̀ẹ̀rà ò lè rá kọjá, ibẹ̀ ni gbogbo ìró ìlù ńlá tí mo torí rẹ̀ ra Ìkòkò gbà sá lọ. Bí mo bá bọ́ awò, mo gbọ́ ìlù, n ò rí orúkọ orin. Bí mo bá wọ awò, mo rí orúkọ orin, n ò gbọ́ ìlù. Ẹ wo ayé! Mo ní kí n fi ẹ̀pà pa ìbínú. Ẹni tó bá ti di etí jẹun rí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: ìró ẹnu ò ríbi jáde mọ́, inú orí ló ń ró sí. Hóró ẹ̀pà kan péré ni mo fi sẹ́nu, àfi bí ẹni pé obìnrin mẹ́ta ń gúnyán nínú agbárí mi.

Ẹ̀wà ló wá parí ọ̀rọ̀. Ìyá Tọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ń mì, mo ní "hẹn," bí ọkọ gbogbo ṣe máa ń ní "hẹn," ó jáde. Ṣé mo mọ̀ pé ohun tó wí ni pé kí n bá òun wo ẹ̀wà tó wà lórí iná? Èéfín ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Nígbà tó dé, ó wo ìkòkò tó wà lórí iná, ó wo Ìkòkò tó wà lórí mi, ó ní, "Bàbá Tọ́lá, ẹ wá fowó ara yín ra etí dídi." Mo gbọ́ pé ará Amẹ́ríkà kan, Nathaniel Baldwin, inú ilé ìdáná rẹ̀ ní Utah ló ti ń to hẹ́dífóònù tó tà fún àwọn ológun ojú omi wọn ní 1910. Nínú ilé ìdáná! Ó dájú pé kò sẹ́ni tó ní kó wo ẹ̀wà.

Mo ju Ìkòkò sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Owó tí mo fẹ́ fi pààrọ̀ táyà ọkọ̀ ni mo fi ra Ajere. Àwọn ará Jámánì, iléeṣẹ́ Sennheiser, ló gbé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1968, HD 414 lorúkọ rẹ̀, tìmùtìmù rẹ̀ rí bí ìyeyè tó pọ́n. N ò bá wọn jà, ọgbọ́n ni wọ́n dá. Ó fúyẹ́, atẹ́gùn ń gbabẹ̀, etí ò làágùn. Ohun tí mo kàn fẹ́ sọ ni pé kí wọ́n tó ṣe é, ó yẹ kí ẹnì kan wá wo ilé mi.

Mi ò ní parọ́ mọ́ Ajere. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ní nǹkan bí aago méjì òru, epo tán ní gbogbo ilé, ìṣọ́ òru parí, àkùkọ pàápàá sùn. Mo fi Sunny Adé sí i, àwo *Juju Music* ti 1982. Gìtá onírin tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń fà ń sunkún níbì kan lọ́ọ̀ọ́kán, gángan ń dá a lóhùn níbòmíràn, àyè tó wà láàárín wọn tó gbé àga sí. Omi bọ́ lójú mi. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo fi wà ní ọ̀run, mo kà á.

Ìgbà tó di ìṣẹ́jú kejìlá, aládùúgbò mi rí epo. Gbà-gbà-gbà-gbà! Bí omi ò ṣe lè dúró nínú ajere, bẹ́ẹ̀ ni ariwo ò lè dúró lóde rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wọlé tọ Sunny Adé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lùlù fún un. Mo gbé orin sókè, ó gbóhùn tiẹ̀ náà sókè. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí àgbàlagbà má gbọ́ ohun tó ju 80 dB lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kan, kí etí má baà bàjẹ́. Ṣé ẹ̀yin náà rí i? Àní mi ò tíì fọwọ́ kan orin, ẹ̀rọ ìlọta nìkan ti jẹ gbogbo ìpín mi tán!

Bí mo ṣe ń bínú lọ́wọ́, Ìyá Tọ́lá jí. "Bàbá Tọ́lá, ẹ̀fọn wọ inú nẹ́ẹ̀tì." Mo bọ́ Ajere sórí ìrọ̀rí, mo gbé tọ́ọ̀ṣì, a wá ẹ̀fọn lábẹ́ ìrọ̀rí, a wá a létí nẹ́ẹ̀tì, mo fọwọ́ gbá ògiri títí ọwọ́ fi pọ́n. Ẹ̀fọn ò dákẹ́. Ìgbà tí mo tẹ́tí sí i dáadáa ni ara mi bù máṣọ: ẹ̀fọn náà ń kọ jùjú.

Ilẹ̀ mọ́, mo gba ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin ọlọ́jà lọ, ó ní, "Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀, 300 ohm lèyí, fóònù ò lágbára tó lè gbé e, amplifier lẹ máa rà sí i," mo ní ohm ta ni, ó ní kò ṣeé ṣàlàyé, mo ní fóònù mi pàápàá ò níhò, okùn kékeré tó gùn bí ìka mi ni mo fi ń so ó pọ̀, ó sì ti sọnù lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí láti ìgbà tí iPhone 7 ti dé láìníhò ní 2016 ni àwọn tó kù ti ń dí tiwọn tẹ̀ lé e, ẹ wò ó, fóònù dí ihò, hẹ́dífóònù lu ihò, ibi tó yẹ kó ṣí ló dí, ibi tó yẹ kó dí ló ṣí, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, oníbàárà tó wà lẹ́yìn mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí bàbá lọ yan èyí tó bá wu bàbá, kí ni mo fẹ́ yàn, ẹni tó bá fẹ́ lo Ìkòkò, kó kọ́kọ́ ní iná tí fáànù á fi máa yí, ẹni tó bá fẹ́ lo Ajere, kó kọ́kọ́ ní àdúgbò tó ń sùn, èmi tí n ò ní iná tí n ò ní àdúgbò, ilé ló yẹ kí n lọ yàn, kì í ṣe hẹ́dífóònù!

Lálẹ́ àná, mo tún dùbúlẹ̀ pẹ̀lú Ajere, jẹnẹrétọ̀ ń lùlù. Mo yíjú sí Ìyá Tọ́lá kí n ro ẹjọ́ mi fún un. Ẹ̀yin ará, Ìkòkò ni mo rí létí rẹ̀! Ó dijú, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Inú mi dùn, n ò lè parọ́. Mo ní, áà, obìnrin yìí ti wá fẹ́ràn orin bíi tèmi. Mo rọra di okùn rẹ̀ mú, mo tọ̀ ọ́ gba abẹ́ ìrọ̀rí lọ, kí n lè mọ olórin tó ń gbọ́.

Mo dé ìparí okùn. Kò so mọ́ nǹkan kan.