Ọmọ Wa Dà Nínú Fíìmù Yìí?

Akọ̀wé kan wà ní Aládé Ìdànrè tí ẹnu rẹ̀ kó bá a. Òun náà ló ń kọ ohun tí ẹ ń kà yìí, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ pé "èmi ni". Ẹ jẹ́ ká ṣáà máa pè é ní Akọ̀wé.

Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Akọ̀wé lọ sí Àkúrẹ́ láti ra fáànù tòkunbọ̀, ló bá rí páálí kan láàárín ẹrù tó ti Amẹ́ríkà dé: Star Wars, àwo DVD mẹ́rin, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2004. Ó rántí pé wọ́n ní ọmọ Yorùbá kan, John Boyega, wà nínú fíìmù yẹn. Ó gbàgbé fáànù. Kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Aládé, ó ti pe ilé mẹ́fà lórí fóònù: ẹ wá wo ọmọ wa tó ń fò lójú ọ̀run lálẹ́ Sátidé.

Wọ́n wá. Bàbá olóko kòkó kan gbé àga tirẹ̀ dání. Màmá ojúlé kejì gbé ẹ̀pà sísè wá. Akọ̀wé tan jẹnẹrétọ̀, ó ti àwo bọ inú ẹ̀rọ DVD. Ẹ̀rọ gbé e mì, ó kùn díẹ̀, ó sì kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé agbègbè àwo yìí kò bá òun mu. Akọ̀wé yọ ọ́, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún tì í wọlé. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣì kọ̀. Bàbá ní bóyá ebi ló ń pa á.

Ìdí rẹ̀ rèé. Àwọn iléeṣẹ́ fíìmù pín ayé sí agbègbè mẹ́fà nítorí DVD, kí àwo tí wọ́n ń tà níbì kan má baà dé ibi tí wọ́n ṣì ń fi fíìmù náà hàn ní sinimá. Amẹ́ríkà àti Kánádà ni 1. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti Japan wà ní 2. Nàìjíríà bọ́ sí 5, pẹ̀lú Rọ́ṣíà, Íńdíà àti North Korea. Nọ́ńbà wà lára àwo, nọ́ńbà wà nínú ẹ̀rọ. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ̀rọ kò ní fọhùn. Ohun tó sì ń bí Akọ̀wé nínú nìyí, kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá: àwo ayédèrú tí wọ́n ki ogún fíìmù bọ̀, tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, kì í sábà bá ẹ̀rọ kankan jà, torí àwọn tó ṣe é kò fi nọ́ńbà agbègbè sí i. Ojúlówó tí èèyàn fowó gidi rà ló ń ṣe fáárí. Ta ni wọ́n wá ń fìyà jẹ, olè ni àbí oníbàárà?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, tó wá lo ìsinmi, ní láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan. Ẹ̀rọ DVD inú kọ̀ǹpútà máa ń gbà kí èèyàn yí agbègbè padà, ìgbà márùn-ún péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tó bá dúró sí ló dúró sí títí ayé. Ẹni tó kọ́kọ́ ni láptọ́ọ̀pù náà ti lo mẹ́rin. Bí ọmọ náà ṣe ń sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ẹyọ kan," Akọ̀wé ti tẹ Amẹ́ríkà.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Èèyàn mọ́kànlá rọ́ mọ́ ojú láptọ́ọ̀pù tí kò fẹ̀ ju páálí bàtà lọ. Apá Kẹrin ló kọ́kọ́ yọ.

"Apá Kìíní dà?" Bàbá ló bèèrè. Ẹni tó ti ra fíìmù Yorùbá títí mọ̀ pé wọ́n lè ta Apá Kejì fúnni láìsí Kìíní. Akọ̀wé bá ń bú oníṣòwò Àkúrẹ́. Ọmọ náà ní apá kẹrin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ní 1977, pé kìíní kò jáde títí di 1999. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Wákàtí méjì kọjá. "Ọmọ wa dà?" ni Màmá. Akọ̀wé ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ó ní yóò wà ní Apá Karùn-ún. Ẹ̀pà tán. Epo jẹnẹrétọ̀ ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin dúdú kan yọ, ó ní irunmú, ó da aṣọ búlúù bo èjìká bí ọba. Akọ̀wé fò sókè: "Òun nìyẹn! Ọmọ wa nìyẹn!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í súre, pé kò ní já bọ́ láti ojú ọ̀run. Bàbá ní imú rẹ̀ jọ ti àwọn ará Odòde Ìdànrè.

"Bọ̀ọ̀dá," ọmọ náà sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́, "Billy Dee Williams nìyẹn. Ọmọ Amẹ́ríkà ni. 1980 ni wọ́n ṣe eléyìí. Wọn ò bí Boyega títí di 1992, London ni wọ́n sì bí i sí."

Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Kò pẹ́ tí òun náà fi dákẹ́. Bàbá gbé àga rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Akọ̀wé, ẹni tí wọn ò tíì bí lo ní ká wá wò?"

Nínú Star Wars, The Force Awakens ti 2015 ni Boyega ti kọ́kọ́ farahàn. Láràárọ̀ ni Màmá ń bèèrè lọ́wọ́ Akọ̀wé bóyá wọ́n ti bí ọmọ náà. Láptọ́ọ̀pù ti di ará Amẹ́ríkà, ẹni tó ni ín kò sì bá Bọ̀ọ̀dá rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra àwo tòkunbọ̀, ẹ yí páálí sẹ́yìn kí ẹ tó sanwó. Nọ́ńbà náà wà nínú àwòrán ayé kékeré kan. Fáànù, Akọ̀wé kò tíì rà á.