Abuké Erin Gba Orí Wa Kọjá

Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà tó, a ó rí abuké erin. Ẹsẹ̀ ni àwọn tó pa òwe yìí fi ń rìn. Ẹni tó bá ti Ọ̀yọ́ lọ sí Èjìgbò láyé ìjọ́un, gbogbo igi ọ̀nà ni yóò ti kí tán kó tó dé, bí ọ̀kẹ́rẹ́ kan bá sì yọ iké láàárín wọn, kò ní ṣàì rí i. Àwọn àgbà kò ro ti ẹni tí yóò sùn láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù, tí yóò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láìrí ẹyọ iyanrìn kan, tí yóò sọ̀ kalẹ̀ tán, tí yóò sì máa pe ara rẹ̀ ní arìnrìn-àjò.

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ń rí nǹkan lóde òní, ẹ lọ bá ẹni tí kò lọ síbì kankan.

Òpópónà kékeré kan wà lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú Heathrow tí wọ́n ń pè ní Myrtle Avenue. Ilé gbígbé ló tò sí i, kò sì jìnnà sí ibùdókọ̀ Hatton Cross. Ní ìparí rẹ̀ ni pápá koríko kan wà tí kò ní nǹkan kan tí èèyàn lè torí rẹ̀ yà síbẹ̀, àfi pé abẹ́ ọ̀nà tí bàálù ń gbà sọ̀ kalẹ̀ ló bọ́ sí. Bàálù á gba òkè orí ẹni kọjá, èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka iye bọ́ọ̀tì tó wà lára táyà rẹ̀. Láàárọ̀ kùtù oṣù kìíní, nígbà tí ìrì ti dì sórí koríko tó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ bàtà, ibẹ̀ lẹ ó ti bá àwọn àgbà ọkùnrin tí wọ́n gbé kámẹ́rà tí ẹnu rẹ̀ gùn ju apá lọ, pẹ̀lú àkàbà kékeré, fíláàsì tíì, ìwé àkọsílẹ̀ àti pẹ́ńsù. Pẹ́ńsù, ẹ jọ̀ọ́. Bíírò máa ń yan òdì nínú òtútù.

Obìnrin wa kan tó ń lọ síbi iṣẹ́ dúró wò wọ́n. Ó ti gbọ́ tí mò ń sọ Yorùbá lórí fóònù, ló bá súnmọ́ mi.

"Ọmọ mi, ta ni wọ́n ń dúró dè?"

"Wọn ò dúró de ẹnì kankan, mà. Bàálù ni wọ́n ń wò."

"Wọ́n ń ṣọ́ ọ kó má baà já ni?"

"Rárá o, mà. Wọ́n kàn ń wò ó ni."

"Ta ló ń sanwó fún wọn?"

"Owó ara wọn ni wọ́n ń ná, mà."

Ó tún wò wọ́n láti òkè délẹ̀. "Èmi tí mò ń gbálẹ̀ inú rẹ̀ láràárọ̀, n ò tíì mọ èyí tó yàtọ̀ sí èkejì." Bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Èmi náà kò ní sọ pé orí gbogbo wọn pé. Nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni bàálù àkọ́kọ́ máa ń wọ Heathrow, ojú ọ̀run kò sì ní là títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ nígbà òtútù. Bí atẹ́gùn bá yí wá láti ìlà oòrùn, apá Windsor ni bàálù yóò máa gbà wọlé, ẹni tó dúró sí Myrtle Avenue á máa fi eyín lu eyín lásán. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n tún máa ń pààrọ̀ ojú ọ̀nà tí bàálù ń bà lé, kí etí àwọn ará àdúgbò lè sinmi. Àwọn mìíràn máa ń ní rédíò tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn àwọn awakọ̀, òfin Ìlú Ọba kò sì fàyè gba irú etí dídẹ bẹ́ẹ̀. N ò rí rédíò kankan lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé ṣebí fóònù ń sọ gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni: bàálù fúnra rẹ̀ ń ké orúkọ ara rẹ̀ sórí afẹ́fẹ́, àwọn èèyàn lásán kárí ayé sì ní ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́ igbe náà nílé, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Flightradar24 tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sweden. Èèyàn lè dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kó mọ bàálù tó wà lókè Kánò. Bàbá náà da tíì sínú ìdérí fíláàsì rẹ̀, ó ní fóònù kì í mi àyà ẹni tìtì.

Lẹ́tà ara bàálù gan-an ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Bí àwọn baba wa ṣe ń fi ilà ojú mọ ọmọ Ọ̀yọ́ yàtọ̀ sí ọmọ Oǹdó, òfin àgbáyé ní kí bàálù kọ̀ọ̀kan gbé ilà orílẹ̀-èdè tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sára: G fún Britain, D fún Jámánì, 5N fún Nàìjíríà, ET fún Etiópíà. Ọ̀dà lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ilà kì í bá ọ̀dà lọ.

Abuké erin tí òwe wí ńkọ́? Wọ́n ti rí i. Boeing 747 ni, tó kọ́kọ́ fò ní 1969. Àwọn tó yàwòrán rẹ̀ rò pé láìpẹ́, bàálù tó ń sáré ju ohùn lọ ni yóò máa kó gbogbo èrò, pé ẹrù nìkan ni yóò kù fún tiwọn. Wọ́n bá gbé awakọ̀ lọ sókè orí, kí imú bàálù lè ṣí fún ẹrù. Ibẹ̀ ni iké ti wá. Concorde tó ń sáré ju ohùn lọ kógbá wọlé ní 2003, abuké ṣì ń kó èrò. Nígbà tí méjì tó gbẹ̀yìn nínú ti British Airways ní Heathrow jọ gbéra kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn òǹwòran mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹ wá bi àwọn èèyàn wa tí abuké yìí gbé láti Èkó dé Ìlú Ọba bóyá wọ́n rí iké lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á ní bàálù náà tóbi.

Kí ni arìnrìn-àjò wa ń rí? Ní Ìkẹjà, ó ti to pásípọ́ọ̀tù lé bàtà tuntun, ó ya á ní fọ́tò, ó fi àdúrà sí i. Ó wọ inú bàálù, ó fi aṣọ dí ojú. Boeing sọ fèrèsé 787 di ńlá ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kí èrò lè rí ìta dáadáa, ó tún fi bọ́tìnnì tó ń sọ ọ́ di dúdú sí i. Bọ́tìnnì náà ni gbogbo èèyàn ń tẹ̀. Kí táyà tó dúró, ó ti dìde, ó ti na ọwọ́ sí báàgì. Ọdún tó ń bọ̀, yóò gba máíkì níbi ìnáwó, yóò ní, "Àwa tí a ti rìn jìnnà…"

Ayé kì í sì í gba ẹni tó ń wò gbọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, wọ́n kó ọmọ Britain 12 àti ará Netherlands méjì ní Kalamata, ní Gíríìsì, nítorí wọ́n ń kọ nọ́ńbà bàálù sínú ìwé ní ibùdó ológun. Amí ni wọ́n pè wọ́n. Wọ́n dá wọn lẹ́bi lọ́dún kejì, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ló tó dá wọn sílẹ̀. Pé àgbàlagbà lè torí ìgbádùn kọ nọ́ńbà, ìyẹn gan-an ló le láti gbà.

Ọ̀dọ̀ tiwa ni nǹkan ti le jù. Ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba wa lọ sí Farnborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, lọ ṣí aṣọ lójú Nigeria Air, iléeṣẹ́ bàálù tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè wa. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, wọ́n dá a dúró. Ó sùn títí, ó wá jí ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ mẹ́ta kí ìjọba náà tó kógbá wọlé. Bàálù 737 kan balẹ̀ sí Àbújá, tí ọ̀dà Nigeria Air wà lára rẹ̀ gbàràmù. ET wà níbi ìdí rẹ̀. Òǹwòran Myrtle Avenue kankan ì bá ti ka ilà yẹn kí táyà tó kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá iléeṣẹ́ ọ̀hún sọ fún àwọn aṣòfin pé háyà ni àwọn háyà rẹ̀, kí àwọn èèyàn lè rí bí bàálù wa yóò ṣe rí.

Mo ti wo àwọn fọ́tò ọjọ́ náà. Lẹ́tà ọ̀hún hàn kedere, kò sẹ́ni tó fi aṣọ bò ó, bóyá nítorí wọ́n mọ̀ pé ojú wa kò ní débẹ̀. Kò sì pẹ́ tí bàálù náà fi padà sí Addis Ababa, tòun ti ọ̀dà wa lára.